Yíyan Fọ́ńṣọ̀n fún Ìyípadà Irúfẹ́ Dátà Nínú Ìbéèrè SQL: Àgbéyẹ̀wò CAST, CONVERT àti TRY_CAST

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé àwọn fọ́ńṣọ̀n tí èdè ìbéèrè SQL ń lò láti yí dátà kúrò nínú irúfẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ó gbé CAST, CONVERT, TRY_CAST àti PARSE yẹ̀ wò, ó sì fi máàkì ìdánwò, ọjọ́ ìbí àti orúkọ Yorùbá ṣe àpẹẹrẹ. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé kì í ṣe bí fọ́ńṣọ̀n ṣe rọrùn tó láti kọ ni ó yẹ kí ó pinnu èyí tí ènìyàn yóò mú, bí kò ṣe ohun tí fọ́ńṣọ̀n náà máa ń ṣe nígbà tí dátà bá kọ̀ láti yí padà. Àṣìṣe tí ó pariwo ṣeé tún ṣe. Èyí tí ó dákẹ́ ni ó ń ba iṣẹ́ jẹ́.

1.0 Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Láàrin àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ìbéèrè ní èdè tirẹ̀, èdè náà sì ni SQL. Ní ọdún 1970 ni E. F. Codd, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ IBM, gbé àbá jáde pé kí wọ́n máa to dátà sínú àtẹ tí ó ní ìlà àti òpó. Ní ọdún 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, tí àwọn náà jẹ́ òṣìṣẹ́ IBM, ṣe àgbékalẹ̀ èdè tí wọn yóò fi máa bi irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè. Ní ọdún 1986, ANSI, àjọ tí ó ń rí sí ìlànà ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí èdè náà gẹ́gẹ́ bí àjùmọ̀lò. Lónìí, SQL Server, Oracle, MySQL àti PostgreSQL ni ó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀ka-èdè tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ará Èkìtì, ará Ìjẹ̀bú àti ará Ọ̀yọ́ ṣe ń sọ Yorùbá kan náà lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá pẹ̀lú. Máàkì ìdánwò, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tí ó máa ń wà nínú ìwé ńlá tẹ́lẹ̀ rí ti ń bọ́ sínú àká-dátà orí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n bá ń kó wọn wọlé, ó wọ́pọ̀ kí gbogbo wọn wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ẹni tí yóò lò wọ́n gbọ́dọ̀ sọ máàkì di nọ́ńbà, kí ó sì sọ ọjọ́ ìbí di ọjọ́. Ibi ìsọdi yìí gan-an ni èsì akẹ́kọ̀ọ́ ti lè yí padà láìsí ẹni tí yóò fura. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí olùkọ́ tí ó ń lo àká-dátà mọ ohun tí fọ́ńṣọ̀n kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

2.0 Ohun tí Irúfẹ́ Dátà Jẹ́

Gírámà Yorùbá a máa pín ọ̀rọ̀ sí ìsọ̀rí: ọ̀rọ̀-orúkọ wà, ọ̀rọ̀-ìṣe wà, ọ̀rọ̀-àpèjúwe sì wà. Ìsọ̀rí tí ọ̀rọ̀ bá wà ni ó ń sọ iṣẹ́ tí ó lè ṣe nínú gbólóhùn. Bákan náà ni àká-dátà ṣe ń pín dátà sí irúfẹ́. INT ni irúfẹ́ odidi nọ́ńbà. DECIMAL ni ti nọ́ńbà tí ó ní ìdá. DATE ni ti ọjọ́. VARCHAR àti NVARCHAR ni ti ọ̀rọ̀. Òpó kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ ní irúfẹ́ kan ṣoṣo, irúfẹ́ náà ni ó sì ń pinnu bí wọn yóò ṣe to ohun tí ó wà nínú òpó náà, bí wọn yóò ṣe fi wéra, àti ìṣirò tí wọ́n lè fi ṣe.

Kí á wo àpẹẹrẹ kan. Bí máàkì akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta bá jẹ́ 9, 85 àti 100, tí wọ́n sì wà nínú òpó ọ̀rọ̀, bí kọ̀ǹpútà bá tò wọ́n láti orí èyí tí ó ga jù, 9 ni yóò kọ́kọ́ jáde, 85 yóò tẹ̀ lé e, 100 yóò sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìdí ni pé bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀-èdè ni kọ̀ǹpútà ṣe tò wọ́n: àmì àkọ́kọ́ ni ó ń wò, 9 sì ga ju 8 àti 1 lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba gbogbo máàkì ni yóò gbẹ̀yìn. Kò sí àṣìṣe kankan tí kọ̀ǹpútà yóò kéde, nítorí pé ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe ni ó ṣe.

Ìyípadà irúfẹ́ ni ojútùú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ṣe pọ̀ nínú èdè Yorùbá ni ọ̀nà ìyípadà ṣe pọ̀ nínú SQL. Ọ̀rọ̀-ìṣe ‘kọ́’ lè di ‘ẹ̀kọ́’, ó lè di ‘kíkọ́’, ó sì lè di ‘akọ́ni’. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni gbogbo wọn, síbẹ̀ ìtumọ̀ wọn yàtọ̀. Ẹni tí ó bá mú ọ̀kan fún èkejì yóò sọ ohun tí kò ní lọ́kàn.

3.0 Ìyípadà Àdáṣe àti Ìyípadà Àfàṣẹṣe

Oríṣi ìyípadà méjì ni ó wà. Ìyípadà àdáṣe ni èyí tí sọ́fítíwíà ń ṣe fúnra rẹ̀ nígbà tí irúfẹ́ méjì bá pàdé nínú ìbéèrè kan. Ìyípadà àfàṣẹṣe ni èyí tí ẹni tí ó ń kọ ìbéèrè fi ẹnu ara rẹ̀ pa láṣẹ.

Bí òpó nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ bá jẹ́ VARCHAR, tí ènìyàn sì kọ ìbéèrè báyìí:

SELECT oruko FROM akekoo WHERE nomba = 45

SQL Server yóò rí ọ̀rọ̀ ní apá kan àti odidi nọ́ńbà ní apá kejì. Nínú ìlànà ipò àgbà tí ó ń tẹ̀ lé, INT ga ju VARCHAR lọ. Nítorí náà, yóò sọ òpó náà di nọ́ńbà. Àbùkù mẹ́ta ni ó wà nínú èyí. Èkínní, ‘45’ àti ‘0045’ yóò di ohun kan náà, nígbà tí ó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ méjì ni wọ́n lè jẹ́. Èkejì, bí nọ́ńbà kan bá ní lẹ́tà nínú, ìbéèrè náà lè dá dúró pẹ̀lú àṣìṣe. Ẹ̀kẹta, atọ́ka tí wọ́n ṣe fún òpó náà kò ní wúlò bí ó ti yẹ mọ́, nítorí pé kọ̀ǹpútà ní láti yí ìlà kọ̀ọ̀kan padà kí ó tó lè fi wéra. Ọ̀nà àbáyọ rọrùn: kí wọ́n kọ ‘0045’ sínú àmì ọ̀rọ̀, kí apá méjèèjì lè jẹ́ irúfẹ́ kan náà. Ohun tí ènìyàn ń wá ni ó yẹ kí ó yí padà, kì í ṣe òpó tí ó ń wá a nínú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ yìí tún fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ohun tí a fi òǹkà kọ ni nọ́ńbà. Nọ́ńbà fóònù tí ó fi òdo bẹ̀rẹ̀ yóò sọ òdo náà nù bí ó bá di INT. Èyí tí ó tilẹ̀ ní òǹkà mọ́kànlá, bí ó ti rí ní Nàìjíríà, kò lè wọ inú INT rárá, nítorí pé 2,147,483,647 ni òpin rẹ̀. Ohun tí wọn kò ní fi ṣe ìṣirò, kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀.

4.0 CAST

CAST ni fọ́ńṣọ̀n tí ìlànà àjùmọ̀lò ti ọdún 1992 gbé kalẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

CAST(maaki AS INT)

Ìwúlò rẹ̀ tí ó tóbi jù ni pé gbogbo sọ́fítíwíà mẹ́rin tí àpilẹ̀kọ yìí dárúkọ ni ó mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè tí wọ́n fi CAST kọ lè kúrò ní ilé kan lọ sí òmíràn láìsí àtúnkọ púpọ̀.

Síbẹ̀, orúkọ kan náà kò túmọ̀ sí ìwà kan náà. Bí máàkì akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ 39.6, tí wọ́n sì lo CAST láti sọ ọ́ di odidi nọ́ńbà, SQL Server yóò gé ìdá náà dànù, yóò sì mú 39 jáde. PostgreSQL àti Oracle yóò sún un sí odidi tí ó súnmọ́ ọn jù, wọn yóò sì mú 40 jáde. Níbi tí 40 bá ti jẹ́ máàkì àṣeyege, ọwọ́ sọ́fítíwíà ni ó kù sí bóyá akẹ́kọ̀ọ́ yẹge tàbí ó fìdí rẹmi. Irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Kí ẹni tí ó ń kọ ìbéèrè fi ROUND sọ èrò rẹ̀ kedere:

CAST(ROUND(maaki, 0) AS INT)

Báyìí, 39.6 yóò di 40 níbi gbogbo. Bí ó bá sì jẹ́ pé òfin ilé-ẹ̀kọ́ ni kí wọ́n gé ìdá dànù, FLOOR ni wọn yóò fi rọ́pò ROUND.

Ohun kejì tí ó yẹ fún àkíyèsí ni gígùn ọ̀rọ̀. Nínú SQL Server, bí ènìyàn bá kọ CAST(akole AS VARCHAR) láìsọ iye àmì tí ó fẹ́, 30 ni sọ́fítíwíà náà yóò mú. Àkọlé iṣẹ́ ìwádìí tí ó ní àmì 60 yóò di ààbọ̀, kò sì ní sí ìkìlọ̀ kankan. Kí wọ́n máa kọ gígùn náà sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

5.0 CONVERT

Nínú SQL Server, CONVERT ń ṣe gbogbo ohun tí CAST ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ní àyè kẹta tí wọ́n fi ń sọ ìrísí dátà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni ó ti wúlò jù. Bí wọ́n bá kọ ‘03/04/2008’ sílẹ̀, ará Nàìjíríà, tí ó ń tẹ̀ lé àṣà Bìrìtìkó, yóò kà á sí ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin. Ará Amẹ́ríkà yóò kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. CAST kò ní ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà sọ èyí tí ó ní lọ́kàn. Ètò èdè tí wọ́n ṣe fún àká-dátà náà ni yóò tẹ̀ lé, èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Amẹ́ríkà ni ó sì sábà máa ń jẹ́. CONVERT a máa gba nọ́ńbà ìrísí:

CONVERT(DATE, '03/04/2008', 103)
CONVERT(DATE, '03/04/2008', 101)

Èkínní, tí ó lo 103, yóò mú ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin jáde. Èkejì, tí ó lo 101, yóò mú ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta jáde. Ewu tí ó wà níbẹ̀ farasin. Bí ọjọ́ ìbí bá jẹ́ ‘25/12/1988’, tí kọ̀ǹpútà sì ń ka oṣù ṣáájú, yóò kọ̀ jálẹ̀, nítorí pé kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àṣìṣe tí ó pariwo nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ tí ó bá wà láàrin ọjọ́ kìn-ín-ní sí ìkejìlá nínú oṣù ni ó lè yí padà ní jẹ́jẹ́. Ẹni tí ó bá tún èyí tí ó pariwo ṣe, tí ó sì rò pé iṣẹ́ parí, ti fi èyí tí ó dákẹ́ sílẹ̀. Ìrísí tí kò ní iyèméjì nínú ni kí wọ́n kọ ọdún, oṣù àti ọjọ́ papọ̀, bí i ‘20080403’. Ètò èdè yòówù kí ó wà nílẹ̀, SQL Server kò ní ṣì í kà. Nọ́ńbà ìrísí tirẹ̀ ni 112.

Àbùkù CONVERT ni pé kò rìn jìnnà. Bí ‘igbá’, ‘igba’ àti ‘ìgbà’ ṣe jọra lójú ẹni tí kò fi àmì ohùn sí wọn ni CONVERT ṣe jọra láti ilé kan dé òmíràn, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀. Nínú MySQL, dátà ni ó ń ṣáájú irúfẹ́, kò sì sí àyè fún nọ́ńbà ìrísí. Nínú Oracle, iṣẹ́ CONVERT ni láti yí àkójọ lẹ́tà kan padà sí òmíràn. Kò kan irúfẹ́ dátà rárá. Ẹni tí ó bá ń lo Oracle tàbí PostgreSQL yóò fi TO_DATE ṣe iṣẹ́ ọjọ́:

TO_DATE('03/04/2008', 'DD/MM/YYYY')

Èyí tilẹ̀ yé ènìyàn ju 103 lọ, nítorí pé ìrísí náà wà lójú táyé.

6.0 TRY_CAST, TRY_CONVERT àti PARSE

Máàkì tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ kì í mọ́ tán. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè gba 40, kí ẹni tí ó ń tẹ̀ ẹ́ fi lẹ́tà O sí ipò òdo, kí ó wá di ‘4O’. Ìwà àwọn sọ́fítíwíà yàtọ̀ síra lórí èyí. Bí ìbéèrè bá lo CAST, SQL Server àti PostgreSQL yóò dá dúró, wọn yóò sì kéde àṣìṣe. MySQL yóò mú òǹkà tí ó bá rí níwájú, yóò sì mú 4 jáde pẹ̀lú ìkìlọ̀ tí ó rọrùn láti gbójú fò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba 40 ti di ẹni tí ó gba 4.

Ní ọdún 2012, SQL Server mú TRY_CAST àti TRY_CONVERT wá. Bí ìyípadà kò bá ṣeé ṣe, wọn kì í dá ìbéèrè dúró. NULL ni wọ́n ń mú jáde, èyí tí ó túmọ̀ sí pé àyè náà ṣófo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn wọn nítorí pé iṣẹ́ kì í dúró. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Bí máàkì mẹ́rin bá jẹ́ ‘70’, ‘50’, ‘60’ àti ‘4O’, TRY_CAST yóò sọ èyí tí ó kẹ́yìn di NULL. AVG, tí ó ń wá ìpíndọ́gba, kì í ka NULL mọ́ wọn. Nítorí náà, 60 ni yóò mú jáde dípò 55. Ìpíndọ́gba kíláàsì ti gòkè, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì ti pòórá nínú ìṣirò.

Èyí kò sọ TRY_CAST di fọ́ńṣọ̀n burúkú. Iṣẹ́ tí ó yẹ ẹ́ jù ni láti fi ṣàwárí dátà tí kò mọ́, kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀:

SELECT nomba, maaki FROM esi
WHERE maaki IS NOT NULL AND TRY_CAST(maaki AS INT) IS NULL

Ìbéèrè yìí yóò to gbogbo máàkì tí kò ṣeé yí padà sílẹ̀, kí ènìyàn lè padà sí ìwé ìdánwò láti tún wọn ṣe. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò ní mú. Nínú SQL Server, ọ̀rọ̀ tí ó ṣófo, ìyẹn '', kì í di NULL bí wọ́n bá sọ ọ́ di INT. 0 ni ó ń dà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn kò tíì kọ máàkì rẹ̀ yóò wá jọ ẹni tí ó gba òdo. NULLIF(maaki, '') ni wọ́n fi ń dènà èyí, nítorí pé ó ń sọ òfìfo di NULL kí ìyípadà tó bẹ̀rẹ̀.

PARSE àti TRY_PARSE náà dé ní ọdún 2012. Wọ́n lè ka ọjọ́ tí wọ́n kọ ní ọ̀rọ̀, bí i ‘3 April 2008’, gẹ́gẹ́ bí àṣà èdè tí ènìyàn bá dárúkọ. Kìkì ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbà, ọjọ́, àkókò tàbí nọ́ńbà nìkan ni wọ́n sì ń sọ ọ́ dà. Wọ́n lọ́ra ju CAST àti CONVERT lọ, nítorí pé wọ́n gbára lé .NET, kò yẹ kí wọ́n lò wọ́n fún àtẹ ńlá bí fọ́ńṣọ̀n mìíràn bá lè ṣe é.

7.0 Orúkọ Yorùbá Nínú Ìyípadà

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ìyípadà kan wà tí ó ń já ìjánu yìí, òun ni ìyípadà láti NVARCHAR sí VARCHAR. NVARCHAR ń lo Unicode, tí ó ní àyè fún lẹ́tà gbogbo èdè. Ṣùgbọ́n nínú SQL Server, àkójọ lẹ́tà tí VARCHAR sábà máa ń lò ni èyí tí wọ́n ń pè ní 1252, tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. ‘á’ àti ‘é’ wà nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn Faransé àti Potogí ń lò wọ́n. ‘ẹ’, ‘ọ’ àti ‘ṣ’ kò sí níbẹ̀. Nítorí náà:

CAST(N'Ṣọlá' AS VARCHAR(20))

yóò mú ‘??lá’ jáde. ‘Adé’ yóò kọjá láìfarapa, ‘Ọlá’ yóò di ‘?lá’. Ẹni tí ó bá fi ‘Adé’ nìkan dán iṣẹ́ rẹ̀ wò yóò gbà pé kò sí ewu. Kò sí fọ́ńṣọ̀n tí ó lè dá lẹ́tà náà padà lẹ́yìn ìgbà tí ó bá ti di àmì ìbéèrè. Bí ènìyàn bá tilẹ̀ gbàgbé lẹ́tà N tí ó ń ṣáájú ọ̀rọ̀ nínú ìbéèrè, ìbàjẹ́ kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀.

Gígùn tún ṣe pàtàkì níhìn-ín. Ojú ènìyàn rí lẹ́tà mẹ́rin nínú ‘Ọ̀ṣun’, ṣùgbọ́n márùn-ún ni NVARCHAR yóò kà, nítorí pé Unicode kò ní ‘Ọ̀’ gẹ́gẹ́ bí àmì kan ṣoṣo. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ dá dúró lẹ́yìn ‘Ọ’. Bí gígùn tí wọ́n kọ bá kéré jù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gé àmì ohùn kúrò lára fáwẹ̀lì rẹ̀. Láti ọdún 2019, SQL Server ti gba kí VARCHAR máa lo UTF-8, èyí tí ó lè gba lẹ́tà Yorùbá. Ṣùgbọ́n báìtì ni ó ń kà níbẹ̀, kì í ṣe lẹ́tà: ‘ọ’ gba báìtì mẹ́ta, àmì ohùn rẹ̀ sì gba méjì. ‘Ọ̀ṣun’ yóò gba báìtì mẹ́wàá.

8.0 Bí Yíyàn Ṣe Yẹ Kí Ó Rí

Láti inú ohun tí àlàyé òkè yìí fi hàn, ìbéèrè mẹ́rin ni ó yẹ kí ènìyàn bi ara rẹ̀ kí ó tó mú fọ́ńṣọ̀n:

(i) Ǹjẹ́ ìyípadà náà pọn dandan? Bí òpó bá lè ní irúfẹ́ tí ó tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tún òpó ṣe.

(ii) Ǹjẹ́ ìrísí dátà ṣe pàtàkì, bí ọjọ́? Kí wọ́n lo CONVERT pẹ̀lú nọ́ńbà ìrísí nínú SQL Server, tàbí TO_DATE nínú Oracle àti PostgreSQL.

(iii) Ǹjẹ́ dátà náà mọ́? Bí kò bá dá ènìyàn lójú, kí ó kọ́kọ́ fi TRY_CAST ṣàwárí, kí ó tún èyí tí ó bàjẹ́ ṣe, lẹ́yìn náà kí ó fi CAST ṣe ìṣirò, kí ohun tí ó bá ṣẹ́ kù lè pariwo.

(iv) Bí kò bá sí ìdí fún òmíràn, CAST ni kí ó lò, kí ó sì kọ gígùn ọ̀rọ̀ tàbí ọ̀nà tí ó fẹ́ gbà yanjú ìdá sílẹ̀ kedere.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé CAST, CONVERT àti TRY_CAST kì í ṣe orúkọ mẹ́ta fún iṣẹ́ kan. CAST ń rìn jìnnà, CONVERT mọ ìrísí, TRY_CAST sì ń fara da ohun tí kò mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní ibi tí ó ti lè dákẹ́ níbi tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀: ìdá tí wọ́n gé, ọjọ́ tí ó yí padà, máàkì tí ó di òfìfo, lẹ́tà tí ó di àmì ìbéèrè. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ èsì ni ènìyàn kan, tí ó ní orúkọ, tí ó ní ọjọ́ ìbí, tí ó sì ń retí máàkì tí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ẹni tí ó bá ń kọ ìbéèrè, kí ó yan fọ́ńṣọ̀n tí yóò jẹ́ kí ó gbọ́ nígbà tí ohun kan bá bàjẹ́, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀rọ̀ kàn kò sí níbẹ̀ láti pariwo fúnra rẹ̀.